Mo fa wáyà sí mísà, gángan ò wọlé: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè tó dé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Sùúrùlérè tí mò ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń bójú tó ètò wọn. A ṣeré ní ilé ìgbafẹ́ kan lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ibi tí kò gbà ju ọgọ́rin èèyàn lọ. Mo bẹ ẹni tó wà nídìí mísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to ohùn pọ̀, pé kó jẹ́ kí n fa wáyà sí ẹ̀rọ Zoom tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì gbà. Nígbà tí mo délé tí mo gbọ́ ọ, ohùn akọrin ń dún bíi pé inú etí mi ló ti ń kọrin. Kííbọọ̀dù náà ń dún ketekete. Ṣùgbọ́n gángan dà bíi pé òdìkejì títì ni wọ́n ti ń lù ú, dírọ́ọ̀mù ò sì ju kíkùn lọ. Bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, gángan ló gbé gbogbo èèyàn dìde lórí àga! Ọ̀rẹ́ mi kan fi fóònù ká díẹ̀ láti ìdí tábìlì rẹ̀, tiẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Ṣé ẹni ìdí mísà yẹn ló tàn mí jẹ ni, àbí wáyà mi ni kò dáa?

* * *

Àbúrò mi, kò tàn ọ́ jẹ, wáyà rẹ náà ò sì ní àlébù. Ohun tó wà nínú mísà gan-an lo gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kò sẹ́ni tó gba ẹnjiníà yẹn síṣẹ́ pé kó kó gbogbo ìró orí ìtàgé jọ sínú wáyà kan. Wọ́n gbà á kí àwọn tó jókòó lè gbọ́ orin dáadáa, ìyẹn náà ló sì ṣe. Nínú yàrá ọgọ́rin èèyàn, gángan ò bẹ sípíkà kankan kó tó dún. Dírọ́ọ̀mù ń dún fúnra rẹ̀, nígbà míì ó tilẹ̀ ń dún jù. Gìtá ní sípíkà tirẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ń ta á. Ohùn akọrin ni apá rẹ̀ ò ká wọn, òun àti kííbọọ̀dù, tí kò lóhùn kankan bí kò bá sí wáyà. Àwọn méjèèjì yìí ni ẹnjiníà gbé sókè, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú yàrá ni mísà ń dí. Bí ìyá kan bá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, tí o wá bu iyọ̀ nìkan lọ sílé, o ò tíì bu ọbẹ̀.

Bí ibi ìṣeré bá ṣe ń tóbi sí i ni ọ̀rọ̀ yìí ń yí padà. Ní gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní National Theatre, Iganmu, tí wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ di Wole Soyinka Centre for Culture and the Creative Arts, tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tàbí ní Tafawa Balewa Square níta gbangba, kò sí ìlù tó lè dá ibẹ̀ kún láìsí máìkì. Gbogbo nǹkan ló ń gba inú mísà kọjá. Ohun tí o bá fà níbẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àyàfi pé èrò ò ní sí nínú rẹ̀: orin á parí, ilé á dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn ẹgbẹ̀rún mélòó kan ló ń pariwo. Ẹ wá gba MUSON ní Oníkàn lọ, sí Agip Recital Hall, níbi tí ohùn ti máa ń rìn fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ píánò ńlá àti akọrin kan ló wà lórí ìtàgé, o lè fa wáyà sí mísà kó jẹ́ ohùn olóòtú ètò nìkan lo máa bá lọ sílé.

* * *

Àwọn tó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé kí o gbàgbé mísà, pé fóònù tó. Mi ò gbà.

Fóònù ọ̀rẹ́ rẹ dùn nítorí ibi tí etí èrò wà ni etí tirẹ̀ náà wà. Ó gbọ́ gángan, ó gbọ́ àtẹ́wọ́, ó gbọ́ bí ìró ṣe ń lu ògiri tó ń padà. Àmọ́ fi hẹ́dífóònù tún un gbọ́. Fóònù ló ń fúnra rẹ̀ pinnu ìwọ̀n ohùn: bí dírọ́ọ̀mù bá kọ lù ú, á fa gbogbo nǹkan wálẹ̀, bí ilé bá dákẹ́ díẹ̀, á tún gbé e sókè, ariwo fáànù á sì yọ jáde. Béèsì ò ní ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń pe agbọ́tí létí tábìlì ti di ara orin náà nìyẹn, kò sí bí o ṣe fẹ́ yọ ọ́.

Síbẹ̀, má ṣe pa á rẹ́. Ẹlẹ́rìí ni. Ó mọ bí gángan ṣe ga tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn akọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mísà ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ń to ohùn pọ̀ nílé, mo máa ń gbé ohun tí fóònù ká sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n máa padà gbọ́ ọ, torí pé lẹ́yìn wákàtí méjì etí èèyàn á ti gbàgbé bí ibẹ̀ ṣe dún.

* * *

Ó jọ pé ojú ihò tó ń lọ sí àwọn sípíkà ńlá lo ti fa tìrẹ. Lọ́jọ́ míì, aux ni kí o béèrè. Ọ̀nà àbájáde míì ni lára mísà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ohùn lọ sí mọ́nítọ̀, sípíkà tó wà níwájú akọrin. A lè to ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀ láì fọwọ́ kan ohun tí èrò ń gbọ́. Béèrè méjì, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù, gbà á bẹ́ẹ̀. Nínú aux yẹn, jẹ́ kí gángan àti dírọ́ọ̀mù ga bó ṣe wù ọ́. Àwọn tó wà nínú yàrá ò ní mọ̀.

Ìyẹn ni pé máìkì gbọ́dọ̀ wà níwájú gángan kódà bí kò bá ní dé sípíkà rárá. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ ni kò ní máìkì tó tó, nítorí náà gbé tìrẹ dání, pẹ̀lú sítáǹdì àti wáyà rẹ̀.

Ibi tí àwa tá a wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti máa ń bá ara wa jà nìyí: ṣé kí aux yẹn jẹ́ pre-fader ni, àbí post-fader? Fader ni ohun tí ẹnjiníà ń fà sókè sódò láti fi ṣe ìwọ̀n ohùn: pre-fader ń mú ohùn kó tó dé ibẹ̀, post-fader ń mú un lẹ́yìn tó bá ti kọjá ibẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní pre-fader ló dáa, pé bí ẹnjiníà bá ń fa fader sókè sódò nítorí yàrá, kò ní ba ohun tí ò ń gbà jẹ́. Òótọ́ ni fún orin tí gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí ìwé. Orin tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú jùjú tàbí fújì, akọrin á dákẹ́ kí onígángan lè sọ̀rọ̀, ẹnjiníà tó mọṣẹ́ á gbé gángan sókè lójú ẹsẹ̀, á sì fa máìkì akọrin wálẹ̀ torí pé akọrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tó ń náwó fún un sọ̀rọ̀ àṣírí. Ọwọ́ ẹnjiníà yẹn wà lára orin náà. Pre-fader á jù ú nù, á sì gbé ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn fún ọ ní kedere. Nítorí náà, post-fader ni tèmi.

Ohun kan ṣoṣo ni kí o ṣọ́ra fún. Bí fader gángan bá wà nílẹ̀ pátápátá nítorí pé yàrá ò nílò rẹ̀, post-fader ò ní fún ọ ní nǹkan kan. Irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí máìkì kan ń gbà wọ mísà, nìkan ni kí wọ́n yí sí pre-fader. Mísà oní-kọ̀ǹpútà tòde òní gbà kí a yàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ mísà àtijọ́, bọ́tìnì kan ló ń darí gbogbo aux náà, o ní láti mú ọ̀kan.

* * *

Lórí máìkì èrò, èyí tó ń gba ariwo àwọn tó ń wòran. Ẹnì kan ní òun máa ń gbé méjì sẹ́yìn gbọ̀ngàn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo ti ṣe é rí, mo sì jáwọ́. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 345 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí máìkì rẹ bá jìnnà sí ìtàgé ní mítà 15, ohun tó gbọ́ á pẹ́ ju ti mísà lọ ní nǹkan bí 0.04 ìṣẹ́jú àáyá. O lè rò pé ìyẹn ò tó nǹkan, àmọ́ bí o bá to méjèèjì lé ara wọn, gbogbo lílù kọ̀ǹgọ́ á di méjì. Gángan tó ń sọ̀rọ̀ á wá máa kólòlò.

Etí ìtàgé ni mò ń gbé wọn sí báyìí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí wọ́n kẹ́yìn sí olórin kí wọ́n sì kọjú sí èrò. Ìyàtọ̀ àkókò á kéré, àtẹ́wọ́ àti ègbè tí èrò ń gbè á wọlé dáadáa. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, dúró níwájú máìkì akọrin, kí o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó rinlẹ̀. Mísà gbọ́ ọ, máìkì èrò náà gbọ́ ọ. Nígbà tí o bá délé, ibi tí àtẹ́wọ́ yẹn wà ni wàá fi so wọ́n pọ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ iná. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi jù.

Ìnáwó ọjọ́ ìbí kan la lọ ṣe ní Ìkòyí. Mo gbẹ́kẹ̀ lé fláàṣì tí mo kì bọ ara mísà, mi ò gbé ẹ̀rọ míì dání. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, NEPA mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, sípíkà padà dún, ijó tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n mísà ti kú, ó sì tún dìde. Fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ kò tíì parí nígbà tí iná lọ. Nígbà tí mo ṣí fláàṣì yẹn lọ́jọ́ kejì, orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, kò sí ohùn nínú rẹ̀. Wákàtí méjì ló lọ. Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí ti jáde sí agbo láàárín wákàtí yẹn, olórin sì ti ki oríkì ìdílé wọn títí dé ọ̀dọ̀ baba ńlá. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dárí jì mí, ṣùgbọ́n oríkì yẹn ò padà wá mọ́.

Láti ọjọ́ náà, bátìrì ni ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn ń jẹ, kódà bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo máa ń dá a dúró láàárín orin méjì lẹ́yìn bíi wákàtí kan, kí n tún bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun. UPS kékeré kan sì wà lábẹ́ mísà.

Bátìrì tún gbà ọ́ lọ́wọ́ ìkùn. Bí o bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ mísà, tí ṣájà rẹ̀ wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì míì, wàá gbọ́ ìkùn kan lábẹ́ orin tí kò ní dáwọ́ dúró. Iná wa tó jẹ́ 50 Hz ló ń kùn bẹ́ẹ̀, torí ó ti rí ọ̀nà méjì gbà dé ilẹ̀. Yọ ṣájà. Bí kò bá lọ, fi DI box, àpótí kékeré tí wáyà ohùn ń gbà kọjá, irú èyí tó ní tíránsífọ́mà, sáàárín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé wáyà ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì mísà nítorí pé ó ń kùn. Mo rí i pé ẹnì kan ń dá a nímọ̀ràn. Wáyà yẹn ni kò jẹ́ kí máìkì gbé iná sí akọrin lẹ́nu.

* * *

Ìwọ̀n ohùn: kí o yí ojú ihò ẹ̀rọ rẹ sí line, má fi sí mic, torí ohun tó ń jáde lára mísà lágbára ju ohun tí máìkì ń mú wá lọ fíìfíì. Pa 48V, iná tí ẹ̀rọ ń rán sí máìkì, lórí ẹ̀rọ rẹ. Jẹ́ kí ibi tó ga jù máa wà ní -12 dB lójú ìwọ̀n ẹ̀rọ rẹ, torí ariwo aago mẹ́jọ kọ́ ni ti aago kan òru. Bí owó bá ti ń fò lórí ìtàgé, gbogbo olórin ló ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ní ẹ̀rọ 32-bit float, irú èyí tí ohùn kì í tètè fọ́ nínú rẹ̀, ti pa ọ̀rọ̀ yìí tì. Ó ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú mísà ni ohùn ti fọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, fífọ́ yẹn náà ni ẹ̀rọ rẹ á gbà tónítóní.

* * *

Arákùnrin kan fi ìbínú kọ ọ́ pé gbogbo àlàyé mi ti di ayé àtijọ́, pé ẹni tí kò bá gba máìkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lóòótọ́. Behringer X32, tí mo máa ń bá pàdé káàkiri Èkó, lè fi wáyà USB kan gbé ìlà 32 lọ sínú láptọ́ọ̀pù. Allen & Heath Qu ti àkọ́kọ́ ń gba ìlà 18 sórí dísíìkì tí o bá kì bọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé àwo orin lẹ fẹ́ gbé jáde, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlà 32 ní 48 kHz àti 24-bit, ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń gba ohùn sílẹ̀, ń jẹ nǹkan bíi 16 sí 17 GB ní wákàtí kan. Òwàmbẹ̀ wákàtí márùn-ún ti kọjá 80 GB nìyẹn. Ìlà méjì ò ju nǹkan bí 1 GB lọ ní wákàtí. Dísíìkì tilẹ̀ rọrùn láti rà. Ta ni yóò jókòó to ìlà 32 pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta? Mo mọ ẹgbẹ́ olórin tó ní ọ̀pọ̀ eré irú èyí nínú àpótí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á. Aux méjì tí a tò dáadáa, tí akọrin lè gbọ́ nínú mọ́tò bó ṣe ń gba Third Mainland Bridge lọ sílé, ó wúlò fún ẹgbẹ́ rẹ jù ú lọ. Wọ́n á gbọ́ àṣìṣe wọn kí eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá ó yẹ kí a sanwó fún ẹni ìdí mísà. Ó yẹ. O ní kó to ohùn kejì pọ̀ fún ọ lórí èyí tí wọ́n gbà á sí. Kì í ṣe owó púpọ̀, ṣùgbọ́n dé síbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohùn wò, kí i, sọ ohun tí o ń fẹ́, kí o sì fún un lówó náà ṣáájú. Ẹni tó bá sá dé ìdí mísà nígbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀, tó ní òun fẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́, ìdáhùn tó bá gbà ló tọ́ sí i.

Ẹ̀tọ́ olórin wá ńkọ́? Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ohùn tí wọ́n gbà láti ìdí mísà níbi ìnáwó ni wọ́n ń tà kiri ìgboro Èkó, pàápàá ti fújì. Mo dúpẹ́ pé àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà, torí ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà olórin sọ lágbo kò sí nínú àwo kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó rẹ̀ kì í dé ọwọ́ ẹni tó kọrin, ká má tilẹ̀ sọ ti onílù. Òfin Copyright Act ti 2022 ní Nàìjíríà fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Gba àṣẹ kí o tó gbà á, kí o sì tún gba àṣẹ míì kí o tó gbé e síta. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Grateful Dead ya ààyè sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń gba eré wọn sílẹ̀ láti ọdún 1984 títí wọ́n fi túká ní 1995. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ lè fún ara wọn nígbà náà, wọn ò gbọdọ̀ tà á. Mo fẹ́ràn irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ká padà sí ìwọ tí o béèrè. Eré ọjọ́ Ẹtì yẹn ò tíì bàjẹ́ tán. Gba ohun tí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ ká, gé béèsì rẹ̀ kúrò, gbé e sábẹ́ ti mísà, kí o wá ibi tí dírọ́ọ̀mù ti lu lílù kan tó dá yàtọ̀ kí o fi so wọ́n pọ̀. Fóònù àti Zoom kì í rìn déédéé pẹ̀lú ara wọn, nítorí náà tún un so lórí orin kọ̀ọ̀kan. Gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí gángan á fi yọ, kí o sì dúró níbẹ̀.

* * *

O tún kọ̀wé pé o ti gbìyànjú rẹ̀, pé gángan ti yọ nínú orin méjì tí ọ̀rẹ́ rẹ ká. Ó dùn mọ́ mi. O ní wàhálà tó kù ni pé onígángan yín, tó jẹ́ àgbà, ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi máìkì kọ́ ìlù òun lára fún eré tó ń bọ̀.

Má fi kọ́ ọ. Ìlù rẹ̀ ni, ó mọ ohun tó ń sọ. Gbé máìkì sórí sítáǹdì kúkúrú ní ọ̀gangan abíyá tó gbé ìlù sí, kó jìnnà tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kó kọjú sí awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Bi í ní ẹ̀gbẹ́ tó máa ń yí sí nígbà tó bá ń ki èèyàn.

Ní Múṣin, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Àyàn kọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò bá a jiyàn. Nígbà tí wọ́n sinmi, mo fi hẹ́dífóònù sí i létí, mo jẹ́ kó gbọ́ ohun tí mísà gbà láìsí máìkì tirẹ̀. Ó gbọ́ ibi tó ti ki baálé ilé. Ìró kọ̀ǹgọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, gbogbo bó ṣe ń fa ọṣán kí ohùn lè ròkè kó sì sọ̀ ti parẹ́. Ó ní kí n tún un ṣe. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó yọ hẹ́dífóònù, ó dìde, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa sítáǹdì yẹn súnmọ́ àga rẹ̀.